Dígírì Tí Bàbá Àgbà Pín sí Méjì

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, pín dígírì sí méjì. Ó ti jẹ pupuru tán, ó ti fọwọ́, inú rẹ̀ sì dùn. Bó ṣe máa ń pín ẹja fún àwọn tó jọ fa àwọ̀n náà ló ṣe pín in: èyí tìrẹ, èyí tiẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló gbàdúrà lé e lórí, gbogbo ilé sì ṣe àmín. Èmi nìkan ni mi ò ṣe é. Mo jókòó sórí pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, omi ń ṣàn lábẹ́ wa, mo ń wo ẹnu bàbá náà, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé bí ìwà agọ̀ bá ní olú-ìlú, ibẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí yìí.

Èmi àti àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, la jọ wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Bàbá àwa méjèèjì ti kú, bàbá àgbà ló tọ́ wa. A jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwà ọ̀daràn àti ìdájọ́ ní yunifásítì kan tó ń kọ́ èèyàn láti òkèèrè. Ìwé wà nínú fóònù, ìdánwò wà ní Ìgbókòdá. Ilé wa wà létí òkun, kò jìnnà sí Zion Pepe, níbi tó jẹ́ pé bí o bá fẹ́ lọ kí ẹni tó ń gbé ní òdìkejì, ọkọ̀ lo máa wọ̀.

Ẹ má rò pé ìfẹ́ ìwé ló gbé mi débẹ̀. Ìbínú ni. Nígbà tí bàbá mi wà láyé, àwọn olè orí omi dá a lọ́nà, wọ́n tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ lọ, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ìgbì máa gbé e kiri. Nígbà tó dé ilé láàyè, a lọ fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ kan lórí ilẹ̀. Ọkùnrin aláṣọ tó jókòó sẹ́yìn tábìlì bi í pé òpópónà wo ni wọ́n ti jà á lólè. Bàbá mi ní ojú òkun ni. Ọkùnrin náà ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n òpópónà wo? Ilé wo ló dojú kọ ibẹ̀? Bàbá mi wo ilẹ̀, ó wò mí, ó ní kí ọ̀gá má bínú. Ó tọrọ àforíjì pé wọ́n ja òun lólè níbi tí kò sí òpópónà! Ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ́ nínú ara mi pé èmi náà á jókòó sẹ́yìn tábìlì yẹn, pẹ̀lú aṣọ yẹn lọ́rùn, ará omi kankan ò sì ní tọrọ àforíjì níwájú mi.

Ṣùgbọ́n aṣọ ìjọba ní ọjọ́ orí tó ń wò. Àjọ tí mo fojú sí, ti ọkùnrin aláṣọ yẹn, kì í gba ẹni tó bá ti kọjá iye ọdún kan, tèmi sì ti fẹ́ẹ̀ kọjá. Bí mo bá parí pẹ̀lú ẹgbẹ́ mi lọ́dún yẹn, mo lè wọlé. Bí ọdún kan péré bá lé e, kí n máa fi dígírì náà wé ẹja. Gbogbo ilé ló mọ èyí. Mo ti sọ ọ́ títí, ó ti sú adìyẹ.

Èyí ló mú kí n fi ọgbọ́n to àwọn kọ́ọ̀sì tó kù fún mi. Kì í ṣe olùdámọ̀ràn wa ló bá mi tò ó, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Olùdámọ̀ràn wa ní Ìgbókòdá jẹ́ ọkùnrin kan tó máa ń gbé kóòtù kọ́ ẹ̀yìn àga kó lè dà bíi pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ètò kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri, ètò kan náà fún gbogbo orí, bí ẹni tó rán ṣòkòtò kan fún gbogbo ìlú. Nígbà tí mo ní kó bá mi wo tèmi, ó ní kí n mú kọ́ọ̀sì ìṣàkóso ìrìnnà mọ́tò ní ìlú ńlá. Mo ní níbi tí mo ti wá kò sí mọ́tò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màdáámù, ẹ máa rí i lọ́jọ́ kan.” Kò ì wọ ọkọ̀ ojú omi rí, ó máa ń fi yangàn, bí ẹni pé ìbẹ̀rù omi jẹ́ oyè.

Mo padà sílé, mo jókòó ti ìwé ètò ẹ̀kọ́. Àwọn kọ́ọ̀sì kan wà tí èèyàn ò lè ṣe bí kò bá tíì ṣe òmíràn: òfin ẹ̀rí ló ń ṣíwájú ìlànà ìgbẹ́jọ́, ìlànà ìgbẹ́jọ́ ló ń ṣíwájú iṣẹ́ ìwádìí ìkẹyìn. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé sẹ̀mẹ́sítà kan ṣoṣo ni wọ́n ń yọjú. Mo tò wọ́n bí a ṣe ń to ẹja sórí ààrò, èyí tó nípọn súnmọ́ iná, èyí tó fẹ́lẹ́ sún sẹ́yìn. Ní ti kọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kí a fúnra wa yàn, mo yan ìwà ọ̀daràn orí omi. Tábìlì ọkùnrin òpópónà yẹn ni mo ń wò nígbà tí mo yàn án.

Ètò yìí ni bàbá àgbà rí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Àìkú yẹn tó fi béèrè ohun tó jẹ́.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, bàbá náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìlú ìjọ kan létí òkun wa níbí ló dàgbà sí, láyé ìgbà tí gbogbo nǹkan ṣì jẹ́ ti gbogbo èèyàn níbẹ̀. Wọ́n ń jẹun láti ilé ìdáná kan, wọ́n ń kan ọkọ̀ pọ̀, àwọn àgbà ló ń sọ fún ọmọ pé ìwọ lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ìwọ lọ hun aṣọ. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé àwọ̀n yìí tèmi ni. Ó dára fún wọn. Ohun tó bí mi nínú ni pé ó rò pé yunifásítì náà jẹ́ àwọ̀n.

“Ọma mi,” ó ní, “gbogbo èyí ló kù fún ọ?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó yíjú sí àbúrò mi. “Ìghọ ńkọ́?”

“Bákan náà ni, Bàbá.”

“Kí wá ló dé tí ẹni méjì á fi máa fa àwọ̀n kan náà lẹ́ẹ̀mejì? Ìghọ kọ́ ìdajì, kí òun náà kọ́ ìdajì. Tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n tán, ẹ kọ́ra yín. Dígírì á wọ ulé, ara ò sì ní ro ẹnikẹ́ni.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fún ní ìdánwò.”

“Orí kọ̀ọ̀kan!” Ó pòṣé. “Ìwà àwọn ará òkè nìyẹn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọma mi. Uṣẹ́ ẹnì kan, uṣẹ́ gbogbo wa ni.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pín in nìyẹn. Òfin ẹ̀rí bọ́ sọ́wọ́ mi, nítorí pé obìnrin ló tètè ń mọ ẹni tó ń purọ́. Ìwà ọ̀daràn àwọn èwe bọ́ sọ́wọ́ mi, nítorí pé obìnrin ló ń bímọ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àti iṣẹ́ ọlọ́pàá bọ́ sọ́wọ́ àbúrò mi. Nígbà tó dé orí ìwà ọ̀daràn orí omi, ó ní ọkùnrin ló ń lọ sójú omi, kí ti àbúrò mi jẹ́ ìyẹn náà. Èmi tí mo ti ń wa ọkọ̀ lọ sílé ìwé kí wọ́n tó já ọmọkùnrin yẹn lẹ́nu ọmú!

Àbúrò mi pàtẹ́wọ́. “Bàbá, ọgbọ́n yín pọ̀ o.” Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀, kò sí ìdílé tí kò ní ọ̀kan. Bí a bá ń fa àwọ̀n, ìgbà yẹn ni okùn bàtà rẹ̀ máa ń tú. Bí a bá ń pín ẹja, òun ló máa ń mú agbọ̀n wá. Ó lẹ́wà, ó mọ èèyàn kí, ó sì ya ọ̀lẹ débi pé bó bá ń yán, ó máa ń fẹ́ kí ẹlòmíràn bá a parí rẹ̀.

Mi ò bá wọn jiyàn mọ́. Mo mọ̀ pé àdúrà kì í yí ìlànà yunifásítì padà. Mo ní tí ìforúkọsílẹ̀ bá tó, mo máa lọ sí Ìgbókòdá, mo máa forúkọ sílẹ̀ fún gbogbo kọ́ọ̀sì mi ti ọdún náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n máa pín ti wọn lọ.

Ọ̀sẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ni òkun wá jẹ ilé ìdáná wa. Kì í ṣe tuntun, ọdọọdún ló ń jẹ nǹkan létí omi níbí. Ṣùgbọ́n tó bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọwọ́ obìnrin ilé ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: a ń tú pákó, a ń yọ ìṣó, a ń ru páànù sẹ́yìn kí a tó tún un kàn. Nẹ́tíwọ̀kì ò sí. Àbúrò mi ń lọ sí Ìgbókòdá nítorí tiẹ̀. Mo kó ètò mi lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tí mo fi ń wọ ojú ìwé mi ní yunifásítì, mo ní, “Gbogbo rẹ̀ ni o. Má yọ ọ̀kan.”

“Àńtí, ẹ fọkàn balẹ̀.”

Ó dé, ó ní ó ti parí. Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sán Sátidé, lẹ́nu ẹja yíyan, mo ń kọ́ ọ ní ìdajì tèmi nítorí pé bàbá àgbà ní dandan ni. Mo kọ́ ọ ní òfin ẹ̀rí títí tó fi mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí èèyàn fojú rí àti ohun tí èèyàn gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó ń sùn sórí ẹní, ó ń jẹ ẹja mi, ó ń ní kí n tún un sọ. Tí mo bá ní kó kọ́ mi ní tiẹ̀, á ní ó ń bọ̀. Mi ò bínú sí ìyẹn, mo ti ń fúnra mi ka gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ̀gàn ni mo ń gàn án, ẹ̀gàn sì dùn, ó ń mú iṣẹ́ yá.

Nígbà tí ìdánwò kù dẹ̀dẹ̀, a gba ìwé tó to kọ́ọ̀sì tí oníkálukú máa ṣe ìdánwò rẹ̀. Tèmi wá ní ìdajì. Òfin ẹ̀rí wà, ọ̀rọ̀ àwọn èwe wà. Ìwà ọ̀daràn orí omi ò sí. Iṣẹ́ ìwádìí ìkẹyìn, tí èèyàn ò lè parí láìṣe é, ò sí. Ìforúkọsílẹ̀ sì ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Mo di ìró mi, mo ní mò ń lọ sí Ìgbókòdá. Bàbá àgbà ní òun ń bá mi lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó bá le, àgbà ló ń sọ ọ́. Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí mo fi jókòó ti bàbá yẹn nínú ọkọ̀ láìtì í sómi.

Olùdámọ̀ràn wa ń jẹ ẹ̀pà nígbà tí a wọlé. Ó wo inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní ìdajì ni mo forúkọ sílẹ̀ fún, ilẹ̀kùn ti tì, kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Bàbá àgbà fa àga súnmọ́ ọn, ó ṣàlàyé bí òun ṣe pín in. Ojú ń tì mí débi pé mò ń ka àwọn aláǹgbá orí ògiri.

“Ọ̀gá tíṣà,” bàbá àgbà ní, “ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí ẹni mẹ́ta bá jọ jí ọkọ̀ kan, ṣé ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀wọ̀n ni àghan á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan?”

“Rárá o, Bàbá. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ náà ló wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan.”

“Ẹ gbọ́ nǹkan! Bí wọ́n bá jọ jalè, ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ odindi. Bí wọ́n bá wá jọ kàwé, kí ló dé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ò lè jẹ odindi?”

Olùdámọ̀ràn rẹ́rìn-ín títí tó fi nu ojú. Ó ní àpẹẹrẹ náà dùn, òun á fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òun. Ó mú bírò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ó ráyè kọ ọ̀rọ̀ bàbá àgbà sílẹ̀, kò ráyè kọ lẹ́tà kan ṣoṣo nítorí tèmi. Bàbá àgbà ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ó rò pé òun ti borí. Láàárín ẹni tó rò pé àwọ̀n ni yunifásítì àti ẹni tó rò pé àwàdà ni ayé mi, mi ò mọ èyí tí mo kórìíra jù.

Nígbà tí a fẹ́ dìde ni ọkùnrin náà ju ọ̀rọ̀ kan sẹ́yìn wa bí ẹni ju èèpo ẹ̀pà. Ó ní, “Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó wá ṣe é fún yín, tiẹ̀ pé o. Gbogbo rẹ̀ ló forúkọ sílẹ̀ fún.”

Bàbá àgbà dúró. Ó bi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì, ọkùnrin náà sì tún un sọ. A wọkọ̀, ọkọ̀ kúrò lẹ́bùúté. Mo rò pé ó ti yé e, mo rò pé á bú ọmọ náà, pé á tilẹ̀ bẹ̀ mí. Ìgbà tí a dé ibi tí omi ti gbòòrò ló lanu. “Kò burú,” ó ní. “Bó bá fi gbogbo rẹ̀ kó nǹkan wálé, ti àgha ni, ti gbogbo wa. Á pín in.” Mo yíjú sí omi. Ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ bá ti dorí kodò, kò sí ọ̀rọ̀ tó lè là á lójú.

Mo ká àbúrò mi mọ́ ẹ̀yìn ààrò lọ́jọ́ yẹn. Ó wólẹ̀. “Àńtí, Bàbá ló ní kí n pín in, mo sì pín tiyín. Ní ti tèmi, ọwọ́ mi kàn ṣèèṣì tẹ gbogbo rẹ̀ ni.” Ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì! Ọwọ́ tí kò tẹ okùn àwọ̀n rí láyé rẹ̀ wá ṣèèṣì tẹ gbogbo kọ́ọ̀sì, láti orí èyí tó kọ́kọ́ wà dé orí èyí tó gbẹ̀yìn. Èmi ni mo kọ́ ọ ní òfin ẹ̀rí. Ó mọ̀ pé irọ́ náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó kàn mọ̀ pé nínú ilé wa kò sí kóòtù tó máa gbọ́ ọ ni.

Ó ṣe ìdánwò, ó yege. Nínú òfin ẹ̀rí, máàkì rẹ̀ fi díẹ̀ lé tèmi, ó sì ní ìgboyà láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò pẹ́ tí àjọ tí mo fojú sí fi gba àwọn èèyàn tuntun. Òun ló kọ orúkọ, òun ni wọ́n mú. Nígbà tí ọdún tèmi yípo, tí mo ṣe àwọn kọ́ọ̀sì tó kù, tí mo ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi lórí àwọn olè ẹ́ńjìnnì tí olùdámọ̀ràn sì ní ó dára, ọjọ́ orí mi ti kọjá ẹnu ilẹ̀kùn. Mo ní dígírì. Ó wà nínú ọ̀rá kí omi má bàa kàn án.

Ọjọ́ tí àbúrò mi dé láti ibi ìdálẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú yúnifọ́ọ̀mù, gbogbo etí omi ló jáde. Àwọn èèyàn ń wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n ń dì mọ́ mi, wọ́n ní, “Ẹ kú oríire o, a ti wọ aṣọ ìjọba.” A! Mo ń dá wọn lóhùn, mo ń rẹ́rìn-ín, ẹnu mi ń korò bí ewúro. Bàbá àgbà pe gbogbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kí àbúrò mi dìde, ó ní kó ṣí fìlà rẹ̀. Ọmọkùnrin náà rò pé fún àdúrà ni. Bàbá gba fìlà náà, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.

“Ìdajì tìrẹ rèé, ọma mi,” ó ní. “Mo ní á pín in.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ jù ú sómi. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni, títí di ọjọ́ tó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ tó na ọwọ́ sí fìlà.

“Níbo?” ni bàbá àgbà wí. “Tirẹ̀ nìyẹn. Ìghọ ní ẹ̀wù, ìghọ ní ṣòkòtò, o sì ní bàtà. Ojúkòkòrò ni?”

Ó wò mí kí n lè gbà á sílẹ̀. Mo ń gé ìrù ẹja. Ó wọ ọkọ̀ láìdé fìlà, gbogbo èèyàn ń juwọ́ sí i. Mo gbọ́ pé wọ́n fìyà jẹ ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tò, pé ó kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Ó pè mí lórí fóònù, ó ń bẹ̀ mí kí n fi ránṣẹ́. Mo ní èmi ò lè dá bàbá tó tọ́ wa lóhùn, ìpín ti di ìpín. Ó ti gba òmíràn báyìí.

Tèmi wà lórí ìṣó lẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n ti yan àbúrò mi sí àgọ́ kan lórí ilẹ̀, ẹ̀yìn tábìlì ló ń jókòó sí. Obìnrin kan láti apá Molútẹ̀hìn lọ fẹjọ́ sùn níbẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n jí, ó sì wá ròyìn fún mi. Ó ní ọmọ wa kí òun dáadáa, ó fún òun lómi mu, lẹ́yìn náà ló bi òun pé òpópónà wo ni. Ọmọ tí wọ́n bí sórí omi! Èyí tó ṣe kọ́ọ̀sì ìwà ọ̀daràn orí omi tó sì yege!

Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, gbogbo ilé ti lọ sí ìsìn. Mo mú fìlà náà lórí ìṣó, mo dé e níwájú dígí. Lórí àbúrò mi, ṣe ló máa ń yọ̀ wá sójú. Lórí mi, ó bá mi mu rẹ́gí. Mo ṣí i, mo gbé e kọ́ padà, mo sì bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ọkùnrin òpópónà, olùdámọ̀ràn ẹlẹ́pà, àbúrò mi, bàbá àgbà pẹ̀lú àdúrà rẹ̀. Mo bú wọn títí ó fi tán lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà, mo tún un dé.